Oore-Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Ọjà: Àgbéyẹ̀wò Ìwòsàn nínú Ìgbàgbọ́ Kristẹni àti Ohun tí Olùkọ́ Lè Fi Kọ́ni

Àṣamọ̀

Pépà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run àti ìwòsàn nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni, pàápàá jù lọ bí àwọn Yorùbá ṣe gbọ́ ọ yé àti bí wọ́n ṣe lò ó. Ohun tó mú iṣẹ́ yìí pọn dandan ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbà pé ẹni tó bá lo oògùn kò ní ìgbàgbọ́, àti pé aláìsàn tí a gbàdúrà fún tí ara rẹ̀ kò yá ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tó fi pamọ́. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kì í dúró sínú ilé ìjọsìn. Ó ń bá olùkọ́ wọ kíláàsì. Iṣẹ́ yìí tú àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jẹ mọ́ kókó náà, ó yẹ àwọn ìtàn ìwòsàn inú Bíbélì wò, ó sì fi ìtàn àwọn Aládùúrà láti 1918 títí dé nǹkan bí 1941 ṣe àpẹẹrẹ. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ìwòsàn bá jẹ́ oore-ọ̀fẹ́ lóòótọ́, kò sí ohun tí aláìsàn lè fi rà á: owó kò lè rà á, ìgbàgbọ́ tó gbóná kò lè rà á, kíkọ oògùn sílẹ̀ náà kò sì lè rà á. A fi àbá fún àwọn olùkọ́ni parí rẹ̀.

Kókó-ọ̀rọ̀: oore-ọ̀fẹ́, ìwòsàn, oògùn, Aládùúrà, ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kristẹni

1. Ìfáàrà

Gbogbo ìjọ Kristẹni ilẹ̀ yìí ló ń gbàdúrà fún aláìsàn. Àlùfáà ìjọ Àgùdà a máa fi òróró yan aláìsàn. Àwọn Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì a máa dárúkọ àwọn aláìsàn nínú àdúrà ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn Aládùúrà àti àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì a máa gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé Ọlọ́run ń wo ènìyàn sàn. Ibi tí ẹnu wọn kò ti kò ni ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣe kí ìwòsàn tó lè jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn pásítọ̀ nìkan. Ní ọdọọdún ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni àgbà ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni tí gbogbo wa mọ̀ sí TP. Ẹni tí a bá ní kó kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kristẹni yóò kan àwọn iṣẹ́ ìyanu Jésù láìpẹ́. Nínú kíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan ní wárápá, kí òmíràn ní ikọ́ fée, kí ẹ̀kẹta sì jẹ́ ẹni tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń dé mọ́lẹ̀ nígbàkúùgbà tí òtútù bá mú. Bí olùkọ́ bá parí ìtàn adẹ́tẹ̀ tí Jésù wò sàn, tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nawọ́ sókè, tó béèrè pé, "Olùkọ́, kí ló dé tí Jésù kò tíì wo èmi sàn?", kí ni olùkọ́ yóò sọ? Bó bá ní ìgbàgbọ́ ọmọ náà kò tó, ó ti fi ẹrù kún ẹrù rẹ̀. Bó bá ní kó má lo oògùn mọ́, ẹ̀mí ọmọ lè bá a lọ. Bó bá sì ní ìwòsàn ti parí ní ayé àwọn àpọ́sítélì, ó lè ta ko ohun tí ìjọ àti òbí ọmọ náà gbà gbọ́.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn tó tọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwa fúnra wa ń lò lójoojúmọ́ láìfiyè sí i: oore-ọ̀fẹ́.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

2.1 Oore àti ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ di oore-ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá ara wọn rìn nínú àṣà wa. Lójú Yorùbá, oore a máa padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. A máa ń sọ pé oore tí a ṣe fún adìyẹ kì í gbé, bó bá pẹ́ títí yóò ṣe omitooro sí ni lẹ́nu. A tún ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Oore so ẹni tó ṣe é àti ẹni tí a ṣe é fún pọ̀. Ẹni tó gbà á mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun náà yóò san án. Kò sí àléébù nínú èyí. Òun ló ń mú kí àwùjọ dúró.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi ọ̀fẹ́ kún un, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà. Ọ̀fẹ́ ni ohun tí a kò dá iye lé. Kò sí omitooro tí Ọlọ́run ń dúró dè lọ́wọ́ adìyẹ. Èyí kò wí pé ọ̀fẹ́ jẹ́ ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwa olùkọ́ mọ èyí dáadáa. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, ọmọ tó wọlé kò sanwó, síbẹ̀ ẹnìkan ló sanwó bíríkì, ti ṣọ́ọ̀kì àti ti tíṣà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ Kristẹni ṣe kọ́ni: oore Ọlọ́run jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tó gbà á, ṣùgbọ́n ó ná Kristi ní ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí a ti bá sanwó kò tún ní ohun tí yóò san.

2.2 Ìwòsàn àti ìmúláradá

Ìṣe méjì ló wà nínú ìwòsàn: wíwò àti sísàn. Ènìyàn lè wo aláìsàn fún ọdún mẹ́ta kó má sàn. Wíwò wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń tọ́jú; sísàn kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ìmúláradá ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí àbájáde iṣẹ́ náà: a mú ara dá, ohun tó ti yẹ̀ padà sí ipò.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ ẹ̀sìn jọ kíyè sí ni pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan fún èyí tí àdúrà ṣe àti ọ̀rọ̀ mìíràn fún èyí tí dókítà ṣe. Ibi tí dókítà wà ni ilé ìwòsàn. Ìpàdé tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún aláìsàn ni ìsìn ìwòsàn. Èdè wa ti so wọ́n pọ̀ kí àríyànjiyàn tó dé.

2.3 Oògùn

Ọ̀rọ̀ yìí ni àríyànjiyàn ti wọlé. Àgúnmu tí a fi wo ibà jẹ́ oògùn. Ìgbàdí àti ońdè jẹ́ oògùn. Ohun tí a fi pa ọ̀tá jẹ́ oògùn. Nígbà tí kíníìnì dé láti òkè òkun, oògùn náà ni a pè é. Nítorí náà, tí oníwàásù bá kígbe pé "Ẹ kó oògùn dànù!", ẹnìkan lè gbọ́ ońdè, kí ẹlòmíràn gbọ́ kíníìnì, kí wọ́n sì jọ dáhùn pé "Àmín". Àkíyèsí yìí ṣe pàtàkì fún ìtàn tí a óò sọ ní ìpín kẹrin.

3. Ìwòsàn inú Bíbélì: ohun tí kò lè rà á

3.1 Owó kò lè rà á

Ìtàn Náámánì (2 Àwọn Ọba 5) ló ṣe kedere jù lórí èyí. Ọ̀gágun ará Síríà yìí di ẹrù fàdákà, wúrà àti aṣọ lọ sí Ísírẹ́lì, nítorí ó gbà pé ìwòsàn ẹni ńlá gbọ́dọ̀ ní owó ńlá nínú. Èlíṣà ní kó lọ wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì nígbà méje. Nígbà tí ara rẹ̀ mọ́, ó mú ẹ̀bùn wá. Wòlíì kọ̀ ọ́. Gehási ìránṣẹ́ rẹ̀ ló sá tẹ̀lé e, tó purọ́ gba fàdákà àti aṣọ. Ẹ̀tẹ̀ tó kúrò lára Náámánì ló lẹ̀ mọ́ Gehási. Èlíṣà fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀ kí Náámánì lè padà sílé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí Ọlọ́run ṣàánú fún, kó má baà rò pé òun ra ohun tó rí gbà. Gehási ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Ó sọ oore di ọjà.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Samáríà (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8), níbi tí Símónì onídán ti fi owó lọ Pétérù kó lè ní agbára Ẹ̀mí Mímọ́. Pétérù bá a wí gidigidi. Jésù náà ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, nígbà tó rán wọn lọ wo aláìsàn sàn, pé bí wọ́n ṣe gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí wọ́n fi í fúnni (Mátíù 10).

3.2 Ìgbàgbọ́ kì í ṣe owó tí a fi ń rà á

Àwọn kan yóò ní, "Ṣùgbọ́n Jésù sọ fún obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mú un lára dá." Òótọ́ ni (Máàkù 5). A kò gbọ́dọ̀ fojú fo ẹsẹ yẹn. Síbẹ̀ a ní láti kà á pẹ̀lú àwọn ìtàn yòókù. Ọkùnrin tó wà létí adágún Betésdà ti ṣàìsàn fún ọdún 38. Kò bẹ Jésù, kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tó wò ó sàn nígbà tí wọ́n bi í (Jòhánù 5). Ẹni tó ní àrùn ẹ̀gbà tí wọ́n ti ihò òrùlé sọ̀ kalẹ̀, ìgbàgbọ́ àwọn mẹ́rin tó gbé e wá ni Bíbélì sọ̀rọ̀ bá (Máàkù 2). Ọmọbìnrin Jáírù ti kú. Òkú kò ní ìgbàgbọ́.

Kí wá ni iṣẹ́ ìgbàgbọ́? Ọwọ́ tí a fi gba nǹkan ni, kì í ṣe owó tí a fi rà á. Ọwọ́ ẹlòmíràn lágbára, ọwọ́ ẹlòmíràn ń gbọ̀n. Ẹ̀bùn kan náà ni ọwọ́ méjèèjì ń gbà. Bí a bá sọ ìgbàgbọ́ di owó, a ti sọ aláìsàn di olùtajà tí ojoojúmọ́ ń ka owó rẹ̀ bóyá ó tó.

Bíbélì kò sì fi pamọ́ pé àwọn ènìyàn Ọlọ́run ṣàìsàn tí kò tètè lọ. Pọ́ọ̀lù, tó gbàdúrà fún ẹlòmíràn tí wọ́n yá, fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù (2 Tìmótíù 4). Òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀gún kan nínú ara. Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí ó mú un kúrò. Ìdáhùn tó gbà ni pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run tó fún un, agbára Ọlọ́run a sì máa fara hàn nínú àìlera (2 Kọ́ríńtì 12). Kò sí ìmúláradá níbẹ̀, ṣùgbọ́n oore-ọ̀fẹ́ wà. Ẹni tó bá ń wí pé ibi tí ara kò bá ti yá, oore-ọ̀fẹ́ kò sí níbẹ̀, kó bi Pọ́ọ̀lù.

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè ni ẹ̀ṣẹ̀ ta ló fà á, tirẹ̀ tàbí ti òbí rẹ̀ (Jòhánù 9). Jésù ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbéèrè kan náà ṣì wà lẹ́nu wa lónìí, ìdáhùn náà kò sì yí padà.

3.3 Kíkọ oògùn sílẹ̀ kò lè rà á

Nígbà tí Hesekáyà ọba ṣàìsàn dójú ikú, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìlérí yìí ni Aísáyà wòlíì ní kí wọ́n mú odidi èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo náà, ọba sì yè (2 Àwọn Ọba 20). Ìlérí Ọlọ́run kò mú kí ọ̀pọ̀tọ́ di asán. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tìmótíù pé kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ (1 Tìmótíù 5). Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn jẹ́ oníṣègùn tí a fẹ́ràn (Kólósè 4). Jákọ́bù ní kí àwọn alàgbà fi òróró kun aláìsàn kí wọ́n sì gbàdúrà (Jákọ́bù 5). A mọ̀ láti inú ìtàn ará Samáríà rere pé òróró àti wáìnì ni wọ́n fi ń tọ́jú ọgbẹ́ nígbà náà. Nínú Bíbélì àwọn Àgùdà, ìwé Sírákì orí 38 ní kí a bọlá fún oníṣègùn nítorí Ọlọ́run ló dá a.

Àwọn kan a máa tọ́ka sí i pé obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ti ná gbogbo ohun tó ní fún àwọn oníṣègùn láìsàn. Ohun tí ìtàn yẹn bù ẹnu àtẹ́ lù ni ìyà tó jẹ ẹ́ àti owó rẹ̀ tó tán. Kò sí ibì kan tí Jésù ti dá a lẹ́bi pé ó lọ.

4. Àpẹẹrẹ láti inú ìtàn: àwọn Aládùúrà àti ọ̀rọ̀ oògùn

Ní September 1918 ni àjàkálẹ̀ àrùn ìnfulúẹ́ńsà bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó, tó sì tàn dé àwọn ìlú inú ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa. Àwọn dókítà kò ní ohun tó lè pa àrùn náà. Títí di 1933 ni àwọn onímọ̀ kò tíì dá kòkòrò tó ń fà á mọ̀ lára ènìyàn. Àwọn Kristẹni tí ìjọ wọn ti kọ́ pé kí wọ́n má lọ sọ́dọ̀ babaláwo kò rí nǹkan kan gbà ní ilé ìwòsàn pẹ̀lú.

Àkókò yìí ni ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde. J. B. Ṣadare jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, dara pọ̀ mọ́ wọn; ó ní Ẹ̀mí sọ fún òun nínú àìsàn pé kí àwọn ènìyàn lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà, kí wọ́n sì pa oògùn tì. Ẹgbẹ́ náà di ẹni tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀rọ̀ oògùn àti ti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ wà lára ohun tó fà á. Wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà pàdé nínú ìwé kíkọ, ìjọ tí òun náà ń kọ́ni pé Kristẹni kò gbọ́dọ̀ lo oògùn.

Lẹ́yìn náà ni ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọ̀wá ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì fún ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba. Ó ní Ọlọ́run pe òun lẹ́nu iṣẹ́ náà ní 1928. Ní July 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, ní Iléṣà. Àwọn èrò wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ru omi wá kí ó gbàdúrà sí i. Omi ìyè ni wọ́n pè é. Wọ́n kó oògùn àti ère wá láti sun. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí a sọ nípa ọ̀rọ̀ oògùn. Ohun tó wà nínú àwọn apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn ni ońdè, ìfúnpá àti ohun tí ìbẹ̀rù ọ̀tá mú wọn tọ́jú pamọ́. Ẹni tó sun wọ́n ń sọ pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù. Ìdáǹdè ni, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ìbẹ̀rù ń ná ènìyàn kò ní fi ojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ìjọ wọ̀nyí fi hàn. Ọ̀fẹ́ ni omi. Tálákà tí kò ní owó ẹbọ, tí kò sì ní owó dókítà, lè pọn omi. Lójú tiwa, èyí ni wàásù oore-ọ̀fẹ́ tó lágbára jù tí àwọn Aládùúrà ṣe.

Ìṣòro dé nígbà tí kíkọ oògùn sílẹ̀, tó jẹ́ àmì òmìnira, di owó ìwọlé. Láti 1931 ni àwọn aṣáájú náà ti bá ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da nǹkan pọ̀, àwọn òyìnbó míṣọ́nárì sì wá bá wọn gbé ní 1932. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kíníìnì nítorí ibà. Ìbéèrè wá dìde: ẹni tó ń wàásù ìwòsàn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ṣé ó yẹ kó máa lo kíníìnì? Àríyànjiyàn yìí wà lára ohun tó pín ìjọ náà sí méjì láàárín nǹkan bí 1939 sí 1941. Babalọlá, Isaac Babalọlá Akínyẹlé tó di Olúbàdàn ní 1955, àti David Odùbánjọ wà lára àwọn tó dá dúró, ìjọ wọn sì gba ìforúkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Christ Apostolic Church ní 1943. Àwọn tó kù dúró sínú ìjọ Àpọ́sítélì.

A kò fẹ́ dájọ́ láàárín wọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣọ́ ohun kan tó tọ́: àwọn kan kò fẹ́ kí a fi oògùn rọ́pò Ọlọ́run, àwọn kejì kò fẹ́ kí a fi ẹ̀mí ènìyàn dán Ọlọ́run wò. Ohun tí a fẹ́ kí olùkọ́ rí ni pé àwọn méjèèjì gba ìwòsàn gbọ́. Ohun tí wọ́n bá ara wọn jà lé lórí ni bóyá ó ní ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san.

Apá kan náà nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tún fún wa ní ẹ̀rí mìíràn. Iléṣà tí ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀ ni ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ wà. Níbẹ̀ ni dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1950, tó sì gbé ètò ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kalẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ ìwọ̀n ọmọ, tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú, di ohun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mú lò. Àwọn tó gbàdúrà ní Òkè-Ooyè àti àwọn tó wọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé jọ ń sin Ọlọ́run kan náà. Ọ̀kan ń sọ pé sísàn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, èkejì ń sọ pé wíwò wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ìwòsàn sì kó méjèèjì sínú.

Ẹ tún wo Moses Orímọ́ládé, tó dá ẹgbẹ́ Sẹ́ráfù sílẹ̀ pẹ̀lú Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n ní 1925. Baba Aládùúrà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, àwọn aláìsàn sì ń wá a kiri. Síbẹ̀ ó tiro títí ó fi kú ní 1933. Kò sí ọmọ ìjọ rẹ̀ tó sọ pé kò ní ìgbàgbọ́.

5. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan kíláàsì

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Olùkọ́ tó mọ ohun tí oore-ọ̀fẹ́ jẹ́ lè dá a lóhùn ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé: "Àìsàn rẹ kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, kì í sì í ṣe pé Ọlọ́run gbàgbé rẹ. A óò máa gbàdúrà fún ọ. Máa lo oògùn rẹ, máa mu omi dáadáa, sùn sínú nẹ́ẹ̀tì, kí o sì sọ fún mi bí ara bá ti ń ro ọ́." Òótọ́ ni gbogbo gbólóhùn yìí, kò sì sí èyí tó ta ko ìgbàgbọ́. Olùkọ́ kan náà lè ṣàlàyé fún kíláàsì pé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún àrùn yìí, pé bí òbí méjèèjì bá jẹ́ AS, ó ṣeé ṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS lọ́nà kan nínú mẹ́rin. Ìmọ̀ yìí á mú àbùkù kúrò, á sì mú ẹ̀sùn àjẹ́ àti àbíkú kúrò.

Kókó kejì ni ẹ̀rí jíjẹ́. Ìgbà mìíràn, ẹni tó ń lo oògùn kòkòrò HIV déédéé yóò ṣe àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà kò sì ní rí kòkòrò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá rò pé àrùn ti lọ pátápátá, tó sì dá oògùn dúró, kòkòrò náà yóò tún pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó dá oògùn wárápá tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lójijì ń fi ara rẹ̀ sínú ewu. Kí ni ìgbàgbọ́ wí sí èyí? Adẹ́tẹ̀ tí Jésù wò sàn nínú Máàkù orí 1, kó tó máa lọ ròyìn, Jésù ní kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà. Àlùfáà ni òfin Mósè yàn láti yẹ ara adẹ́tẹ̀ wò, kó sì kéde pé ó ti mọ́. Ẹni tí Jésù fúnra rẹ̀ wò sàn pàápàá, Jésù ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò kì í ṣe iyèméjì; ó jẹ́ ọ̀wọ̀ fún òtítọ́. Ẹni tí Ọlọ́run wò sàn kò ní sọ ìwòsàn rẹ̀ nù nítorí pé dókítà wò ó.

Kókó kẹta ni owó. Ọ̀rẹ́ ọpẹ́ dára. Adẹ́tẹ̀ kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá tó padà wá dúpẹ́ wu Jésù (Lúùkù 17). Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ń tẹ̀lé oore ni, kì í ṣáájú rẹ̀ bí owó ọjà. Àwọn mẹ́sàn-án tí kò padà wá náà, Bíbélì kò sọ pé ẹ̀tẹ̀ tún padà sí ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí aláìsàn kọ́kọ́ san iye kan kí àdúrà lè ṣiṣẹ́, Gehási ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Àwọn kan lè bi wá pé, "Ṣé ẹ̀kọ́ yìí kò ní pa ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ?" Èrò tiwa ni pé ohun tó ń pa ìgbàgbọ́ ni ìlérí tí Ọlọ́run kò ṣe. Ọmọ tí a kọ́ pé bó bá gbàgbọ́ tó, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá, bí ara kò bá yá, ọ̀nà méjì ló kù fún un: kó kórìíra ara rẹ̀ tàbí kó kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ pé ọ̀fẹ́ ni oore Ọlọ́run lè gbàdúrà lónìí, kó lo oògùn lónìí, kó sì tún gbàdúrà lọ́la, láìbẹ̀rù. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ní kúkúrú: Ọlọ́run kò kọ aájò.

6. Àbá

Látàrí àwọn ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

i. Nígbà tí a bá ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún TP, kí a fi kókó bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ìyanu ìwòsàn kún ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ìkọ́ni ní ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀sìn Kristẹni, kí wọ́n sì fi ìbéèrè tí ọmọ aláìsàn lè béèrè dánra wò.

ii. Kí olùkọ́ máa kọ́ ìtàn Hesekáyà, ti Tìmótíù àti ti Tírófímù pọ̀ mọ́ ti obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ọ̀rọ̀ náà láti gbogbo ìhà.

iii. Kí olùkọ́ èdè Yorùbá àti olùkọ́ ẹ̀sìn jọ ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọ̀rọ̀ bíi oore-ọ̀fẹ́, ìwòsàn àti oògùn. Kí a máa ya "oògùn ilé ìwòsàn" sọ́tọ̀ kúrò lára "oògùn ìṣọ́ra" nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí ọ̀rọ̀ kan má baà di ìṣìnà.

iv. Kí olùkọ́ má ṣe gba ọmọ níyànjú láé pé kó dá oògùn tí dókítà fún un dúró. Bí òbí bá fẹ́ dá a dúró, kí olùkọ́ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, kó sì pe ọ̀gá ilé-ìwé àti òṣìṣẹ́ ìlera sí i.

v. Kí a máa kọ́ ìtàn àwọn Aládùúrà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa láìfi wọ́n ṣẹ̀sín, láìsì fi wọ́n ṣe òrìṣà, nítorí apá kan ìtàn àwa fúnra wa ni.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé ọ̀rọ̀ oore-ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè tó ń yọ wá lẹ́nu. Èlíṣà kò gba owó Náámánì. Ọkùnrin Betésdà kò mọ orúkọ ẹni tó wò ó. Ọ̀pọ̀tọ́ Hesekáyà kò ba ìlérí Ọlọ́run jẹ́. Ìtàn Ìjẹ̀bú-Òde àti Iléṣà sì fi hàn wá bí ohun tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òmìnira ṣe lè di owó orí tí a ń bu lé aláìsàn bí a kò bá ṣọ́ra. Gbogbo àwọn tí Jésù wò sàn ló tún kú nígbẹ̀yìn, títí kan Lásárù tó jí dìde. Ìwòsàn ara jẹ́ àmì oore-ọ̀fẹ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti jẹ́ kí ọmọ tó yá àti ọmọ tí kò tíì yá mọ̀ pé oore náà jẹ́ tàwọn méjèèjì, àti pé kò sí èyí tó jẹ gbèsè nínú wọn.